Báwo la ṣe ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àti ìran ọ̀dọ́ ọ̀físà tó bá ogun lọ?

Ọmọ-Ìjerò (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìdílé kan ní apá Ìjerò fẹ́ tẹ ìwé pélébé kan fún ìrántí ọmọ wọn tó jẹ́ ọ̀físà, tó kú nínú ogun Ojúkwu kí ó tó gbéyàwó. Ohun tó kù nílé kò pọ̀: fọ́tò kan nínú aṣọ ológun, lẹ́tà méjì tó kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wáyà (tẹligíráàmù) tí wọ́n fi túfọ̀ rẹ̀, àti mẹ́dà méjì nínú agolo sìgá. Àwọn àgbà ilé ní Captain ni, Abágánà ló sì kú sí. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tó ṣẹ́kù ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá-Àpótí-Ìwé

Ilé ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má tíì sáré gba Àbújá lọ. Fáìlì ológun kì í sọ ìran ẹni. Nọ́ńbà, ipò, ẹ̀ka tó wà, ọjọ́ tó wọṣẹ́, ọjọ́ tó kú àti orúkọ ẹni tí wọ́n máa túfọ̀ fún, ìyẹn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí orúkọ tí wọ́n bá sì mú lọ kò bá èyí tó wà lára fáìlì mu, àwárí di àwátì nìyẹn.

Orúkọ gan-an ló máa ń kọ́kọ́ ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Láyé ìgbà náà, ọmọ bàbá kan náà lè jẹ́ orúkọ ìdílé méjì: ẹ̀gbọ́n mú orúkọ bàbá, àbúrò mú ti bàbá àgbà, torí pé ohun tí tíṣà gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló kọ sínú rẹ́jísítà. Kí wọ́n mú ìwé kan, kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ tó jẹ́ sílẹ̀: àmútọ̀runwá tó bá ní in, àbísọ, oríkì, ti ìrìbọmi, èyí tí ilé ìyá rẹ̀ ń pè é, títí kan ìnagijẹ ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà kọ ọ́: Sh dípò Ṣ, Aiye dípò Ayé, Effon dípò Èfọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ bá rí Ujero tàbí Ukole. Bí ará ilé ṣe pè é ni akọ̀wé ṣe kọ ọ́.

Ọjọ́ orí ló tẹ̀ lé e. Ìforúkọsílẹ̀ ìbí kò tíì di dandan jákèjádò Nàìjíríà àfi lẹ́yìn òfin 1979. Rẹ́jísítà ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì ló sàn jù, torí ó máa ń ní orúkọ bàbá àti ìyá, iṣẹ́ bàbá, àti orúkọ àwọn baba ìsàmì. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra: ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi, nítorí ilé-ìwé ìjọ ni wọ́n fẹ́ wọ̀.

Tí kò bá sí rẹ́jísítà, kí wọ́n fi ìṣẹ̀lẹ̀ díwọ̀n. Ọba wo ló wà lórí ìtẹ́? Adó a máa lo 1937 tí Aládésanmí Kejì jẹ Èwí, Ìjerò á lo ti Ajerò tiwọn. Ṣé ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ dé ní January 1955, àbí ó ti ń lọ ṣáájú? Àwọn ọmọ ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n ní kí wọ́n nà kọjá àárín orí kí ó kan etí kejì. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ gùn wọlé ní ọdún márùn-ún, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú dúró di ọdún mẹ́jọ, ọdún mẹ́fà sì ni wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ orí inú ìwé ilé-ìwé kì í fi í bá ti ìdílé mu.

Akọ̀wé-Agídímọ̀

Mo fi kún ti Màmá. Rẹ́jísítà ìgbàwọlé ilé-ìwé gíráma ṣe pàtàkì ju sátífíkéètì lọ. Yálà Christ's School l'Ádò ni, tí Archdeacon Dallimore dá sílẹ̀ ní 1933, tàbí Ekiti Parapo College n'Ídòó, tàbí Doherty Memorial n'Íjerò, ìlà kan ló wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, ọjọ́ ìwọlé, ilé-ìwé tó ti wá, orúkọ bàbá tàbí alágbàtọ́, ìlú, ọjọ́ tó jáde. Kí wọ́n ya fọ́tò ìlà náà pẹ̀lú ìlà mélòó kan lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn tó tẹ̀ lé ara wọn níbẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lè wà láyé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ṣìnà ni àyè alágbàtọ́. Orúkọ tó wà níbẹ̀ lè jẹ́ ti tíṣà tàbí àbúrò ìyá tó ń san owó ilé-ìwé, kí ẹni tó ń ya àtẹ ìran wá fi onítọ̀hún ṣe bàbá ọmọ. Ẹ bi ilé léèrè pé ta ló san owó ilé-ìwé, ta ló ra àpótí àti bẹ́ẹ̀dì lọ sílé-ìwé. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn nìkan lè jẹ́ ìdajì ìtàn ìdílé, torí koko ta ni wọ́n fi san án, ta ni ilé-ìwé ẹ̀ dúró kí ti ọmọ yìí lè lọ? Nígbà púpọ̀, ẹ̀gbọ́n obìnrin ni.

Ọ̀nà tó gbà di ọ̀físà náà ní déètì tirẹ̀. NDA Kàdúná, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ̀físà, bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ṣáájú ìyẹn, ilé-ẹ̀kọ́ ológun tó wà níbẹ̀ láti 1960 ló ń gba ọmọ wọlé, kí wọ́n tó kó wọn lọ sí òkè òkun. Àwọn mìíràn ti inú Boys' Company Zaria, ilé-ìwé ológun fún àwọn ọmọdékùnrin, wá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954. Nígbà tí ogun dé, wọ́n mú sójà látinú ìlà, wọ́n kọ́ wọn fún ìwọ̀nba oṣù, wọ́n sì fi ìràwọ̀ sí wọn léjìká.

Bàbá-Lẹ́jọ́nì

Kí wọ́n tó gba "Captain" gbọ́, kí wọ́n fi awò wo èjìká nínú fọ́tò. Ìràwọ̀ kan, Second Lieutenant. Méjì, Lieutenant. Mẹ́ta, Captain. Idì kan, Major. Tó bá jẹ́ adé ló wà níbi tí idì yẹ kó wà, a jẹ́ pé wọ́n ti ya fọ́tò náà kí Nàìjíríà tó bọ́ lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì pátápátá ní 1 October 1963. Ẹ̀yìn fọ́tò náà ṣe kókó: òǹtẹ̀ ilé-fótò máa ń sọ ìlú, nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ sì lè wà ní igun. Tí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí wọ́n má fa á ya.

Nọ́ńbà rẹ̀ tún ńkọ́? Ti sójà lásán máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tó wọṣẹ́, bíi 67NA, kí nọ́ńbà tirẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ti ọ̀físà, N ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Fáìlì sójà wà ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ológun ní Lọ́kọ́ja, ti ọ̀físà wà lábẹ́ Military Secretary l'Ábùújá. Ẹni tó bá kọ̀wé síbi tí kò yẹ lè dúró títí.

Ọmọ-Ìjerò

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Wọ́n ti wò ó. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló wà léjìká. Lẹ́tà àkọ́kọ́, ti November 1967, ní 67NA lókè. Lẹ́tà kejì, 26 May 1968, N ni nọ́ńbà ibẹ̀, wọ́n sì kọ 3 MCDO (Third Marine Commando) sí i. Wáyà náà ní òǹtẹ̀ June 1968. Ọ̀kan nínú mẹ́dà dà bí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, ó pọ́n bí idẹ. Èkejì rí róbótó, ó funfun bíi fàdákà, orí ọba òyìnbó wà lójú kan, kìnnìún wà lójú kejì. Kò sí orúkọ kankan lára méjèèjì.

Bàbá-Lẹ́jọ́nì

Ó ti ń yé wa. Sójà ló kọ́kọ́ jẹ́, wọ́n wá sọ ọ́ di ọ̀físà láàárín November sí May. Nítorí náà ibi méjèèjì ni kí wọ́n kọ̀wé sí, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi ẹ̀dà wáyà, ìwé ìbúra láti kóòtù tó sọ bí wọ́n ṣe bá a tan, lẹ́tà olórí ẹbí àti gbogbo ọ̀nà tí orúkọ gbà jẹ́ mọ́ ọn. Ẹ̀dà ni o! Kí ojúlówó má kúrò nílé.

Abágánà kọ́. Ọjọ́ 31 March 1968 ni Bìáfrà dá ọ̀wọ́ ọkọ̀ Dífísọ́ọ̀nù Kejì, ti Murtala Muhammed, lọ́nà l'Ábágánà. Ẹni tó kọ lẹ́tà ní 26 May kò lè ti kú ní March. Yàtọ̀ sí ìyẹn, 3 MCDO, ti Benjamin Adékúnlé, apá etíkun ló ń jà: Bonny ní July 1967, Calabar ní October ọdún kan náà, Port Harcourt ní 19 May 1968. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n gba Port Harcourt ni lẹ́tà kejì. Apá ibẹ̀ àti òkè rẹ̀ ni kí wọ́n ti máa wá a. Orúkọ Abágánà ló gbajúmọ̀ lẹ́yìn ogun, ìdí nìyẹn tí ẹ óò fi gbọ́ ọ nílé tó pọ̀.

Kí wọ́n tún wáyà yẹn kà dáadáa. Òǹtẹ̀ méjì ló máa ń wà lára wáyà, ti ibi tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ àti ti ibi tí wọ́n ti gbà á. Kò sí èyí tó jẹ́ ọjọ́ ikú nínú méjèèjì, wáyà lè pẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bóyá "wọ́n pa á" ni wọ́n kọ, tàbí "a ò rí i mọ́", ìyàtọ̀ ńlá ni. Èyí ẹ̀yìn túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó rí òkú.

Ti ipò: ìràwọ̀ kan ní ọdún tó kú kì í di Captain bẹ́ẹ̀ lásán. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e gorí ipò fúngbà díẹ̀ lójú ogun, torí ọ̀físà ń kú, àyè ń ṣófo. Gásẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ọdún 1968 àti 1969 ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Títí wọ́n á fi rí i níbẹ̀, Second Lieutenant ni kí wọ́n kọ.

Olósùńta

Mẹ́dà méjèèjì yẹn kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Èyí tó dà bí ìràwọ̀, tí wọ́n bá nù ún díẹ̀, wọ́n á rí "THE BURMA STAR" yí lẹ́tà orúkọ ọba ká, adé á sì wà lókè rẹ̀. Tí okùn rẹ̀ bá ṣì wà, aró dúdú ni, pupa gbòòrò ní àárín, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn nínú aró lápá méjèèjì. Èyí róbótó ni mẹ́dà ogun 1939 sí 1945; kìnnìún ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lórí dírágónì olórí méjì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di Second Lieutenant ní 1968 kò lè gba mẹ́dà ogun Hítílà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì kọ orúkọ sára mẹ́dà wọ̀nyí fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má wá a níbẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn ti jagun nínú ilé yẹn ṣáájú rẹ̀. Bàbá ni? Àbúrò bàbá ni? Ẹ̀gbọ́n ìyá? Lójú tèmi, ibi tí ìtàn ìdílé náà ti dùn nìyí, ó sì lè jẹ́ ohun tó fa ọmọ náà wọ iṣẹ́ ológun.

Ẹni tó bá lọ sí Bọ́mà láti Nàìjíríà, Dífísọ́ọ̀nù 81 tàbí 82 ló sábà máa ń jẹ́. Àmì 81 ni aláǹtakùn dúdú, ti 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn. 81 ló kọ́kọ́ lọ, ní 1943, wọ́n jà ní àfonífojì Kaladan, wọ́n sì ń fi orí ru ẹrù nínú igbó níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ìlú Myohaung bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní January 1945. Ìwé ojoojúmọ́ àwọn bàtálíọ́ọ̀nù wọ̀nyí wà ní ilé àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, lábẹ́ nọ́ńbà àkójọ WO 172.

Ohun tó ń dá àwárí dúró níbẹ̀ ni orúkọ ìlú tí wọ́n fi ṣe orúkọ ìdílé. Akọ̀wé á kọ Òjó, á fi Adó sí i: "Ojo Ado". Adó-Èkìtì ni, àbí Adó-Odò, àbí Adó-Àwáyè? Orúkọ bàbá ọkùnrin náà lè má hàn níbì kankan.

Tó bá jẹ́ pé ó kú sọ́hùn-ún, kí wọ́n lo ojú-òpó CWGC, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Kọ́múnwẹ́ẹ̀tì tó kú sógun, ọ̀fẹ́ ni. Kí wọ́n yan Nigeria Regiment, kí wọ́n fi orúkọ kan ṣoṣo wá a, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi orúkọ ìlú sí àyè àlàyé, torí níbẹ̀ ni "ọmọ lágbájá, ti ìlú báyìí" máa ń wà. Àwọn tí kò ní sàréè tí a mọ̀ wà lára Rangoon Memorial ní Taukkyan, orúkọ tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Tó bá padà wálé láàyè, CWGC kò ní kọ ọ́. Wọn kò sì kan ogun Ojúkwu àti Kóńgò rárá: fún ogun àgbáyé kejì, ikú 3 September 1939 sí 31 December 1947 ni wọ́n kà.

Ẹ kìlọ̀ fún ilé kí wọ́n má pe ẹni Bọ́mà náà ní ọ̀físà. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa sọ di ọ̀físà títí di 1948. Ẹ wo Fájuyì, ọmọ Adó: ó wọṣẹ́ ní 1943 bíi sójà lásán, ó gba BEM, mẹ́dà ọlá Gẹ̀ẹ́sì, ní 1951, November 1954 ni ó tó di ọ̀físà lẹ́yìn Eaton Hall, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀físà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mọ́kànlá gbáko!

Ará-Ọ̀tùn

Níwọ̀n bí ẹ ti dárúkọ Fájuyì, ṣé wọn kò lè fi "ẹlẹgbẹ́ Fájuyì lójú ogun" sí iwájú ìwé náà? Ó máa ń wu ènìyàn kà.

Ìyá-Àpótí-Ìwé

Rárá o, àbúrò. Fájuyì kò sí láyé nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 6 July 1967. Wọ́n ti pa òun àti Ironsi ní 29 July 1966, ní Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni ogójì ọdún ni, Kóńgò ló ti gba Military Cross, mẹ́dà ìgboyà lójú ogun. Kí wọ́n fi ọmọ wọn sílẹ̀ bó ṣe jẹ́. Bákan náà ni ti ogun Kírìjì: kò sí agboolé kan l'Ékìtì tí wọn ò ní sọ pé akọgun lábẹ́ Ògèdèǹgbé ni bàbá ńlá àwọn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Tí oríkì agboolé bá dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n kọ oríkì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n sì sọ ẹni tó kì í. Kí wọ́n má fi oyè tí kò sí nínú rẹ̀ kún un.

Ti àwọn àgbà tó kù, kí wọ́n yára. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó gba lẹ́tà ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe olórí ẹbí. Òun nìkan ni kí wọ́n bá sọ̀rọ̀, láàárọ̀, kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Tí ọkùnrin ilé bá jókòó tì í, ohun tí ọkùnrin bá sọ ló máa gbà. Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí ikú. Ikú ọ̀dọ́, òfò ni, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì gbà kí wọ́n máa dárúkọ ọmọ náà nínú ilé mọ́. Kí wọ́n gbé fọ́tò lé e lọ́wọ́, kí wọ́n bi í léèrè ẹni tó rán aṣọ, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹni tó sin ín dé gáréèjì. Lẹ́yìn náà ni agolo. Kí wọ́n bi í pé ta ló ni ín kó tó di ti mẹ́dà.

Kí wọ́n béèrè ilé ìyá pẹ̀lú. Ìwé ìrántí tí mo máa ń rí, bàbá, bàbá bàbá, oyè bàbá, ìyá kò ju orúkọ kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ilé ìyá ni ọmọ sábà ń sá lọ nígbà ìsinmi, ibẹ̀ ni fọ́tò kejì máa ń wà. Kí wọ́n tún béèrè ohun tí wọ́n sin. Nígbà tí òkú kò wálé, ilé mìíràn sin irun àti èékánná tí ọ̀rẹ́ mú bọ̀, ilé mìíràn sin aṣọ rẹ̀, ilé mìíràn ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ìsìn náà yóò wà nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú déètì.

Ìwé ìròyìn: Daily Sketch, Tribune, Daily Times. Kí wọ́n má wá oṣù tó kú nìkan, kí wọ́n wo June 1969 fún ìrántí ọdún kan, torí ìpolówó ìrántí ló máa ń to orúkọ ọmọ ìyá àti ìlú tí wọ́n wà. Ilé àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ní fáìlì Ekiti Div (Division) àti Ondo Prof (Province) fún ìtàn ìlú àti oyè. Kí wọ́n rántí pé ṣáájú October 1996 kò sí Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Abẹ́ Ondo ni gbogbo rẹ̀ wà, Ìwọ̀-Oòrùn sì ni ṣáájú 1976.

Ọmọ-Ìjerò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìnáwó ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Olórí ẹbí kò fẹ́ kí wọ́n yọ Abágánà kúrò, ó ní ohun tí bàbá òun sọ fún òun nìyẹn. Wọ́n sì fẹ́ fọ àwọn mẹ́dà kí wọ́n tó yà á ní fọ́tò.

Akọ̀wé-Agídímọ̀

Kí wọ́n má bá bàbá jà. Kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: "Ìdílé gbà pé Abágánà ló kú sí. Lẹ́tà rẹ̀ ti 26 May 1968 fi hàn pé ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ìjà náà, pẹ̀lú 3 MCDO." Kí wọ́n tẹ lẹ́tà náà sí ojú ewé tó kọjú sí i. Ẹni tó bá lè kàwé á kà á. Kí wọ́n sì fi ẹ̀dà ìwé náà sílẹ̀ ní ilé-ìwé rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì, torí ìwé tó wà nílé nìkan, ikán lè jẹ ẹ́.

Olósùńta

Ti mẹ́dà: kò sí Brasso tí wọ́n fi ń dán idẹ, kò sí ọsàn wẹ́wẹ́, kò sí eérú. Ó máa bó lẹ́tà inú rẹ̀, iyì rẹ̀ á sì lọ. Aṣọ òwú tó gbẹ ni kí wọ́n fi nù ún. Fún fọ́tò, kí wọ́n gbé e sórí aṣọ dúdú lẹ́bàá fèrèsé, kí iná fóònù má tàn, kí wọ́n ya ojú àti ẹ̀yìn. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú agolo yẹn pátápátá, agolo tó ti dípẹtà ń ba idẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ agolo nù. Kí wọ́n ya orúkọ sìgá tó wà lára rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ ti ẹni Bọ́mà náà.